Ṣé iná búlúù lè wo etí tó ń tú sàn?

Ìbéèrè: Dọ́kítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́rin. Etí rẹ̀ ọ̀tún ti ń tú láti bí oṣù méjì. Tí mo bá kán oògùn sí i, á gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi fídíò ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n á ki ẹnu ẹ̀rọ náà bọ etí, á tan iná búlúù, wọ́n ní iná yẹn á gba ìlù etí kọjá, á sì pa kòkòrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ rà á fún mi. Ṣé kí n gbà? Ìyá Ayọ̀, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó má tíì náwó sí i. Kì í ṣe pé irọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ nínú fídíò yẹn. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni òótọ́ náà ṣì wà, kò tíì di ohun tí ìyá ọmọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ lò nílé.

Awọ fẹ́lẹ́ ni ìlù etí. Ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà péré, ìmọ́lẹ̀ sì ń là á kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwa dọ́kítà etí fi ń tan iná wo inú etí: bí ìlù náà bá dá ṣáṣá, a máa ń rí òjìji eegun kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 2012, Stephen Boppart àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán ohun tó wà lẹ́yìn ìlù etí láìfọwọ́ kan ìlù náà, wọ́n sì rí ohun yíyọ̀ tí àwọn kòkòrò àrùn fi ń bo ara wọn mọ́lẹ̀. Ẹ rántí bí òkúta inú odò ṣe máa ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. Bí kòkòrò bá ti bo ara wọn báyìí, oògùn tí ọmọ ń gbé mì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn pa, wọ́n á dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n á tún yọjú. Ìyẹn wà lára ìdí tí etí ọmọ míì fi máa ń gbẹ tí á tún tú.

Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé, bí ìmọ́lẹ̀ bá lè wọlé kí a fi ríran, bóyá ó lè wọlé kó tún ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń pa kòkòrò nìyí. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní porphyrin, àwọn kòkòrò kan ní in lára. Bí iná búlúù tó wà ní ìwọ̀n bíi 405 nanometer (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) bá kàn án, ó máa ń sọ ọ́síjìn tó wà nítòsí rẹ̀ di oríṣi kan tó le koko, èyí á sì ba ara kòkòrò náà jẹ́ láti inú wá. Bí kòkòrò kò bá ní èròjà yìí tó, wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní oògùn tó ń gba iná sára, kí wọ́n tó tan iná sí i. Àwọn onímọ̀ kan ní Kòríà Gúúsù dán èyí wò lára eku kan tí wọ́n ń pè ní gerbil, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa sí kòkòrò Streptococcus pneumoniae, àmọ́ kò rí Haemophilus influenzae ṣẹ́gun tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí sì wà lára kòkòrò tó máa ń kó sí àárín etí ọmọdé jù. Ẹ sì kíyè sí i pé oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ rọ síbẹ̀ kí wọ́n tó tan iná. Kì í ṣe iná nìkan.

Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan á rántí iná búlúù tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tuntun tó ní ibà pọ́njú sábẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ohun tó ń sọ awọ ọmọ di pupa rúsúrúsú ni iná yẹn ń tú ká, kì í pa kòkòrò, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì sì máa ń bo ojú ọmọ tí wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Ayọ̀, torí ohun tó kan òun gan-an nìyí. Etí tó bá ń tú fún oṣù méjì, lọ́pọ̀ ìgbà, ìlù rẹ̀ ti lu. Ọyún ló kún ojú ihò náà. Iná búlúù kì í wọnú ara jìnnà, iná pupa ń jìn jù ú lọ, síbẹ̀ kò sí èyí tó máa la ọyún tó ki já dé ibi tí kòkòrò sá pamọ́ sí. Oògùn tí ẹ ń kán sí i náà, bákan náà ló ń ṣe: orí ọyún ló ń dúró sí, ó ń ṣàn padà jáde. Mo fura pé ibẹ̀ ni wàhálà yín wà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbẹ etí náà. Ẹ mú aṣọ funfun tó mọ́ tó ń fa omi, tàbí tíṣù tí kì í tètè já, ẹ lọ́ ọ tín-ín-rín bí òwú fìtílà. Ẹ rọra fa etí ọmọ sókè àti sẹ́yìn, ẹ ki òwú náà bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó mu ọyún, ẹ yọ ọ́ sọnù, ẹ fi òmíràn sí i, títí tí òwú á fi jáde ní gbígbẹ. Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, ó kéré tán. Ó ń gba sùúrù, pàápàá tí ọmọ bá ń jà, àmọ́ mo ti rí etí tí oògùn olówó ńlá kò wò tí òwú àti sùúrù wò. Ìgbà tó bá gbẹ ni ẹ tó kán oògùn tí dọ́kítà bá kọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó ní ciprofloxacin la máa ń kọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kódà bí etí bá gbẹ lọ́jọ́ kẹrin. Ẹ má lọ ra oògùn etí fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù. Òmíràn ní gentamicin nínú, ìyẹn sì lè ba etí inú jẹ́ bí ìlù bá ti lu.

Ẹ má fi ìyẹ́ adìyẹ ro ó. Ẹ má sì kán omi ọmú, ìtọ̀, òróró gbígbóná tàbí omi ewé sí i. Tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ fi òwú tí ẹ ti fi vaseline pa dí ojú etí, kí ẹ sì yọ ọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀. Ọmọ kan wá sọ́dọ̀ mi tí òwú ti pẹ́ nínú etí rẹ̀ débi pé ó ti ń rùn. Kò sẹ́ni tó rántí pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ tún máa fọkàn sí imú rẹ̀. Ihò tín-ín-rín kan so àárín etí mọ́ ẹ̀yìn imú, ti ọmọdé kúrú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dagun, ìyẹn ni ọ̀fìnkìn ṣe ń tètè gorí etí wọn. Èéfín igi ìdáná àti sìgá ń dá kún un. Bí àbúrò bá tẹ̀lé Ayọ̀, ẹ rí i pé ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Èyí tó ń dènà kòkòrò pneumococcus (Streptococcus pneumoniae tí mo dárúkọ lókè) ti wà lára tí ìjọba Nàìjíríà ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2014.

Bí ẹ̀yìn etí bá wú tó ń dùn ún, tàbí ibà gbóná, orí fọ́ ọ gan-an, ọrùn le, òòyì ń kọ́ ọ, tàbí ẹnu rẹ̀ wọ́, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ẹ ṣì mú un lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà etí láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ihò ìlù náà, kí wọ́n sì dán ìgbọ́ràn etí méjèèjì wò. Ọmọ ọdún mẹ́rin ń kọ́ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, bí kò bá gbọ́ dáadáa, ẹ lè máa rò pé aláìgbọràn ni. Tí ẹ bá ti ráyè lọ, ẹ kọ̀wé padà sí mi, kí n mọ ohun tí wọ́n rí.