Kí ẹ tó ra sípíkà tuntun fi pààrọ̀ èyí tó dákẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní sípíkà kọ̀ǹpútà yín ò dún lápá kan mọ́, pé apá kejì sì ń kùn bí oyin kódà nígbà tí orin kankan ò sí lórí ẹ̀. Ẹ wá ń bèèrè irú sípíkà tí ẹ máa rà láti fi rọ́pò èyí tó kú. Ẹ dúró ná. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Èmi ti rà á rí, ojú mi sì rí nǹkan.

Tèmi náà dákẹ́ lápá kan. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé sípíkà inú àpótí rẹ̀ ló jó. Mo tú u, mo já a kúrò, mo wá òmíràn tó bá ihò rẹ̀ mu wẹ́kú, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ibẹ̀. Kò dún. Mo yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, kò dún síbẹ̀. Ibi tí mo ti ń yí jáàkì rẹ̀, irin ẹnu wáyà tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ló ti ké gbàù, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Àṣé wáyà ló já nínú, níbi tó ti wọ ìdí jáàkì! Inú mi dùn, mo fi orin sí i. Kò pẹ́ ni òórùn ìjóná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ́ọ̀mù 8 (ọ́ọ̀mù ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó) ni wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà àkọ́kọ́, ọ́ọ̀mù 4 ni mo fi rọ́pò ẹ̀. Iná tí 4 ń fà lára bọ́ọ̀dù inú àpótí tó ń gbé ohùn sókè tó ìlọ́po méjì ti 8, bọ́ọ̀dù tèmi ò sì lágbára ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ba ohun tó dáa jẹ́ nítorí ohun tí kò bàjẹ́.

Nítorí náà, ìdí wáyà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ki jáàkì bọ fóònù wò, kó má lọ jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣèké, tàbí kẹ́nì kan ti yí ohùn sí apá kan ṣoṣo nínú sẹ́tíǹgì. Tó bá ṣì dákẹ́, ẹ jẹ́ kí orin máa lọ, kí ẹ wá máa tẹ wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún láti ìdí jáàkì lọ sókè. Ibi tí ohùn bá ti ń wá tó ń lọ, ibẹ̀ ló ti já. Ẹ ṣe bákan náà fún wáyà tó so àpótí méjèèjì pọ̀.

Tó bá jẹ́ ìdí jáàkì ló ti já, ẹ gé ìdí ẹ̀ dànù, kí ẹ fi jáàkì 3.5 mm tuntun sí i. Orí ṣóńṣó jáàkì ni apá òsì, òrùka tó tẹ̀ lé e ni apá ọ̀tún, èyí tó gùn nísàlẹ̀ ni gíráǹdì, tí apá méjèèjì jọ ń lò. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí: wáyà tín-ín-rín inú ẹ̀, tó ń dán bíi wúrà tàbí tó pupa tàbí tó dà bí ewé, ọ̀dà ló wà lára ẹ̀. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ń jó o, tí lẹ́ẹ̀dì ń yọ́ kúrò lára ẹ̀ bí omi orí ewé kókò, tí mo ń bú irin ìjólẹ́ẹ̀dì mi. Ohun tó yẹ ni kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán lẹ́ẹ̀dì kan yọ́ dúró lórí irin, kí ẹ ti ẹnu wáyà bọ inú ẹ̀, kí ẹ sì mú un dúró títí ọ̀dà á fi jó tí èéfín á rú. Ẹ má fa èéfín yẹn símú. Nígbà tí ẹ bá fà á jáde, ẹ máa rí i pé ó ti funfun bíi fàdákà. Ó ti ṣeé jó mọ́ jáàkì nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń yí bọ́tìnì ohùn ló máa ń han gbàràgbàrà, eruku ló wọ inú ẹ̀. Ẹ fín oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú iná (contact cleaner) sí i, kí ẹ yí i lọ yí i bọ̀ bí ìgbà 20. Ẹ má fi òróró sí i, eruku tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ bọ́tìnì náà lábẹ́ bọ́ọ̀dù, torí ojoojúmọ́ là ń tì í. Bí ẹ bá rí ìlà roboto tó fẹ́lẹ́ bí irun yí ẹsẹ̀ kan ká, lẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ti là. Ẹ jó o padà.

Ní ti kíkùn yẹn, ẹ yọ jáàkì kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ yí ohùn wá sílẹ̀ pátápátá. Tó bá dákẹ́, ara kọ̀ǹpútà tàbí wáyà ló ti ń wá. Tó bá ṣì ń kùn, kapásítọ̀ ńlá, èyí tó rí bí agolo kékeré, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná ti ń wọlé ni mo fura sí. Ẹ yọ iná kúrò lára ògiri kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ sì fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wọn kapásítọ̀ náà títí kò fi ní sí fóòtì kankan tó jọjú lórí ẹ̀, torí ó máa ń pa iná mọ́ra. Tí orí ẹ̀ bá ti wú, ó ti lọ. Iye µF (ìwọ̀n iná tó lè pa mọ́) tí wọ́n kọ sára tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Fóòtì ẹ̀ lè jù ú lọ, kò gbọ́dọ̀ kéré sí i. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fa ìlà sí ni negative. Tí ẹ bá gbé e sí òdì, ó lè bú gbàmù.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó dá sípíkà fúnra ẹ̀ lẹ́bi. Ẹ já wáyà kan kúrò lára ẹ̀, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n: ti ọ́ọ̀mù 8 sábà máa ń fi nǹkan bíi 6 tàbí 7 hàn, ti 4 á fi 3 àti díẹ̀ hàn. Tí mítà ò bá mira rárá, wáyà inú ẹ̀ ti já. Tí ẹ ò bá ní mítà, ẹ fi bátìrì 1.5 fóòtì kan án fẹ́rẹ́. Á dún kẹ́, bébà ẹ̀ á sì sún. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìka mẹ́ta yí àárín bébà náà ká, kí ẹ tì í wọlé jẹ́jẹ́. Tó bá ń ha bí ìgbà tí èèyàn ń fi sáńpépà pa igi, wáyà tí wọ́n ká ti ń gbo òòfà. Ìyẹn ni èmi kì í bá fa wàhálà, òmíràn ni mo máa ń rà. Bébà tó kàn ya lásán ò tó nǹkan: ẹ ya tíṣù pẹlẹbẹ, ẹ po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ omi díẹ̀, kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kó gbẹ mọ́jú.

Ẹ tẹ wáyà yẹn wò lálẹ́ òní, kí ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún mi. Ẹ bá mi ka iye ọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn sípíkà náà pẹ̀lú.