Má fi àárín gálásì nìkan ṣèdájọ́

Àbúrò mi, o béèrè pé gálásì kan (ìdìpọ̀ ìràwọ̀ ńlá) nínú Coma, ìyẹn àgbájọ ọ̀pọ̀ gálásì, ní ìlà Hδ (ìlà dúdú tí háídrójìn ìràwọ̀ ń fà sínú ìmọ́lẹ̀) tó dúdú kirikiri, Hα rẹ̀ (ìmọ́lẹ̀ pupa tí háídrójìn máa ń tàn níbi tí ìràwọ̀ ti ń bí lọ́wọ́) ò sì tàn rárá. Ṣé àárín rẹ̀ ni ìràwọ̀ ti bí rẹpẹtẹ nígbà kan? Spectrum (ìmọ́lẹ̀ tí a tú sí àwọ̀-àwọ̀) SDSS, iṣẹ́ ìwádìí ojú ọ̀run, tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn ò lè sọ ibẹ̀ fún ọ. Fáíbà (okùn tín-ín-rín) tó gba ìmọ́lẹ̀ náà fẹ̀ tó arcsecond 3 péré (arcsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú 3,600 dígírì kan). Coma jìnnà sí wa tó nǹkan bíi 320 mílíọ̀nù ọdún-ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ibi tó o rí lára gálásì yẹn kò tó 5,000 ọdún-ìmọ́lẹ̀ ní fífẹ̀. Hδ sọ ìgbà tí ìràwọ̀ bí fún ọ, pé láàárín bíi bílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn ni, torí àwọn ìràwọ̀ oríṣi A (tó gbóná ju oòrùn lọ, tí ẹ̀mí wọn kì í gùn) ló ń mú un dúdú bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Dressler àti Gunn ti rí irú gálásì yìí láti 1983.

Data MaNGA, apá kan iṣẹ́ SDSS, ni kó o lọ gbà. Ọ̀fẹ́ ni, gálásì bíi 10,000 ló wà níbẹ̀, ó sì ní spectrum láti àárín títí lọ sí ẹ̀bá. Fáìlì rẹ̀ wúwo. Òru ni mo máa ń dáńlóòdù é níbí ní Òbantoko, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já geere.

Nínú àwọn gálásì àgbájọ tí mo ti tú palẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ ni pé Hα ṣì ń tàn láàárín, ẹ̀bá ti kú, ẹ̀bá yẹn gan-an sì ni Hδ ti dúdú jù. Atẹ́gùn ló fà á. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà láti Lafẹ́nwá dé Kútọ̀ mọ bí atẹ́gùn ṣe ń gbáni láyà lọ́jọ́ tí ewé kankan ò mì. Bẹ́ẹ̀ ni gálásì ṣe ń já gba inú gáàsì gbígbóná àgbájọ kọjá, tí gáàsì ẹ̀bá rẹ̀ ń ṣí lọ. Gunn kan náà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Gott ṣàlàyé rẹ̀ ní 1972. Wo gálásì NGC 4522 ní àgbájọ Virgo: ó tó 100 mílíọ̀nù ọdún tí ìràwọ̀ ò ti bí mọ́ ní ẹ̀bá rẹ̀, àárín ṣì ń ṣiṣẹ́.

Tó bá jẹ́ pé àárín ni Hδ ti dúdú jù, gálásì méjì tó dà pọ̀ ni kó o kọ́kọ́ fura sí, torí ìdàpọ̀ máa ń rọ́ gáàsì sí àárín, ìràwọ̀ á sì bí rẹpẹtẹ níbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀bá kéré, nítorí náà ro spectrum pọ̀ ní òrùka-òrùka yí àárín ká kó o tó wọ̀n ohunkóhun. Kó o sì yọ ìtànṣán gáàsì kúrò nínú Hδ, àgàgà láàárín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtànṣán yẹn yóò dí ìlà dúdú náà, wàá rò pé kò sí ìràwọ̀ A níbẹ̀. Tó o bá ti ya Hδ àti Hα láti àárín dé ẹ̀bá, fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá ọ wò ó.