Kí ni àwọn àgbà ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní "orí mi wú"?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. A sìnkú bàbá ọkọ mi ní Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 19, tó jẹ́ pé Kàdúná ló ti dàgbà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù, ni omi bá ń dà lójú rẹ̀. Ó ní òun ò mọ ohun tí ìlù náà ń sọ. Ìyá ọkọ mi wò ó, ó ní, 'Ẹ fi í sílẹ̀, orí rẹ̀ ló wú.' Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ṣé ohun tó dáa ni?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, mà. Ẹ̀yìn bàbá á dára. Ohun tó dáa ni, ẹ má bẹ̀rù rárá.

Búrẹ́dì máa ń wú, ẹsẹ̀ tí èèyàn fi kọ náà máa ń wú. Ṣùgbọ́n tí a bá ní orí èèyàn wú, a ò sọ pé agbárí rẹ̀ tóbi sí i. Ohun tí èèyàn ń gbọ́ lára ni: awọ orí á máa ta, irun á dìde, á dà bíi pé fìlà tó dé ti kéré fún un lójijì. Ọdẹ tó pàdé ohun tí kò yé e nínú igbó lóru á ní orí òun wú. Ẹni tó gbọ́ oríkì bàbá rẹ̀ láàárín ọjà náà á sọ bẹ́ẹ̀. Èdè wa ò ya méjèèjì sọ́tọ̀, mo sì gbà pé ó ní ìdí. Orí ni ẹlẹ́dàá ẹni. Kí èèyàn tó ro ọ̀rọ̀ wò, orí ti mọ̀ pé ohun tó ju òun lọ ti dé ìtòsí. Inú ọ̀rọ̀ yìí náà ni "ó wú mi lórí" ti wá, àti ìwúrí tí a ń lò lójoojúmọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ìbéèrè yín ni pé ọmọ náà ò gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ. Báwo ni orí rẹ̀ ṣe wá wú?

Ìyáàlù ò ní ètè, kò ní eyín. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ló lè gbé: èyí tó lọ sókè, èyí tó wà láàárín, èyí tó lọ sílẹ̀, àti ibi tí ohùn ti ń yọ̀ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ẹ pe Àkúrẹ́ síta kí ẹ gbọ́ ọ: ohùn kan nílẹ̀, méjì lókè. Òtítọ́ náà ń lọ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú náà ń lọ bẹ́ẹ̀. Tí onílù bá lu mẹ́ta yìí tó sì dákẹ́, kò sẹ́ni tó lè búra pé ìlú ni ó ń pè. Ìdí nìyẹn tí ìlù fi máa ń di oríkì mú. Gbólóhùn gígùn tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, kò ṣeé ṣì gbọ́. "Àkúrẹ́ Ọlọ́yẹ́mẹkùn, ọmọ a mú 'dà sílẹ̀, mógun ẹnu pani." Àwọn tó gbé idà sílẹ̀ tí wọ́n sì fi ẹnu jagun, tí ogun ẹnu náà sì ń pani. Kò sí ọmọ Àkúrẹ́ tí wọ́n á lu èyí fún tí yóò bi í pé kí ló wí.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: nígbà tí ẹ bí ọmọ yìí, ta ló ń wẹ̀ ẹ́ fún yín? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá àgbà yẹn náà ni. Ìyá bàbá tèmi, kì í fi kànrìnkàn kàn mí lára láì kì mí. Á da omi lé mi lórí, á kì mí. Á fi òróró pa mí lẹ́sẹ̀, á kì mí. Á na apá mi, á tún kì mí. N ò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ohun tó wọ inú mi ni bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè tó sì ń bọ̀ nílẹ̀. Ohùn yẹn gan-an sì ni ìlù máa ń gbé, òun nìkan. Ọmọ yín lè má gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlù, kó sì dá ohùn ìyá àgbà mọ̀ nínú rẹ̀.

Ó ti ṣe èmi náà rí, ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Ẹ̀fọ́ ni mo wá rà. Bàbá onílù kan jókòó sábẹ́ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, ó fi etí ti ìlù bí ẹni tó ń tẹ́tí sí aláìsàn, apá òsì rẹ̀ ń fún ìlù mọ́ ìhà díẹ̀díẹ̀, kọ̀ǹgọ́ ò tilẹ̀ ga ju ìka mẹ́rin lọ kó tó balẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń lù ú fún. Ó kan ibì kan nínú oríkì tó jẹ́ pé ẹnu ìyá bàbá mi nìkan ni mo ti gbọ́ ọ rí. Ìyá yẹn ti kú fún ọdún mọ́kànlá. Mo dúró gbagidi. Owó ẹ̀fọ́ di ti bàbá onílù.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé orin wo ló dùn jù láyé, èyí tó mọ̀ mí ni mo máa ń sọ. Mo mọ̀ pé orin lè dùn láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Sunny Adé, ọmọ Oǹdó tí wọ́n bí ní 1946, gbé jùjú dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní nǹkan bí 1982 àti 1983. Àwọn tí kò gbọ́ "ẹ kú àárọ̀" jó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹsẹ̀ wọn gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí gángan bá pe ìdílé ẹnì kan láàárín agbo, ẹni yẹn nìkan ni ijó á dá dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì wo ilẹ̀.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Ohùn òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbé orin ìyìn wa: ibi tí ọ̀rọ̀ ń gòkè, ohùn ń sọ̀kalẹ̀, ọkọ́ á dà bí ọkọ̀ lẹ́nu akọrin. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Ìjọ Kírísítì ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, wà lára àwọn tó jà fún un pé kí orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ó ṣe gudugudu méje fún wa.

Ẹ tún wo ibi tí a máa ń lẹ owó mọ́ tí orí bá wú wa: iwájú orí onílù. Orí kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ orí kejì. Láti ìgbà tí òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ti ní kí a má lẹ náírà mọ́ èèyàn lára lójú agbo mọ́, ọ̀pọ̀ ló ń rọra fi í sínú àpò onílù. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo ṣì máa ń fi ọwọ́ kan iwájú orí bàbá onílù kí n tó kúrò níbẹ̀.

Ní ti ọmọ yín, ẹ má bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Kí ó tó padà sí Kàdúná, ẹ jẹ́ kó lọ jókòó ti ìyá àgbà láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó gbé fóònù sílẹ̀ kí ó máa gba ohùn sílẹ̀, kí ìyá sì kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ìyá bá ní òun ti gbàgbé, ẹ bu omi sínú bàsíà, kí ọmọ na apá sí i. Yóò rántí.