Àwòrán tó ń gan lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin: ẹni tí ń pe orúkọ ni kò sí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ní òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ l'Ọ́fà, tẹlifíṣọ̀n inú yàrá á gbé àwòrán dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, lẹ́yìn náà á gan. Bí wọ́n bá yí ìkànnì, á tún ṣe fún ìṣẹ́jú mẹ́rin mìíràn. Ẹ wá pa IGMP snooping (ètò tó ń jẹ́ kí àwòrán lọ sọ́dọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó bá béèrè fún un nìkan) lórí switch, ẹ̀rọ tó so gbogbo wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pọ̀, àwòrán ò gan mọ́, ṣùgbọ́n Wi-Fi gbogbo ilé kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan snooping yẹn padà. Òun kọ́ ló ṣẹ̀ yín.

Ẹ fi aago wọn ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn dáadáa. Á sún mọ́ 260 ìṣẹ́jú-àáyá, iye yẹn ló sì tú àṣírí fún èmi náà.

Switch kì í bi tẹlifíṣọ̀n ní nǹkan kan. Etí ló ń dẹ. Bí tẹlifíṣọ̀n bá fẹ́ ìkànnì, á kéde pé òun ti wọ ẹgbẹ́ ìkànnì yẹn, tó ní nọ́ńbà bíi 239.10.10.5. Switch tó gbọ́ á kọ port (ihò tí wáyà ń wọ̀) tí ohùn náà gbà wọlé sílẹ̀, ibẹ̀ ni á sì máa rán àwòrán náà sí. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì á kàn fa wáyà yọ láìdágbére, nítorí náà ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa pe orúkọ bí akọ̀wé ẹgbẹ́ nípàdé. Querier nìyẹn. Ní 125 ìṣẹ́jú-àáyá sí ara wọn, á béèrè pé, "Ta ló ṣì wà?" Ẹni tó wà á dáhùn láàárín 10. Ìlọ́po méjì 125, kí a fi 10 kún un, 260 nìyẹn: bí switch kò bá gbọ́ ohùn kankan láti port yẹn títí di ìgbà náà, á pa á rẹ́. Tí querier ò bá sí rárá, tẹlifíṣọ̀n tó ń retí ìbéèrè kò ní fọhùn mọ́, switch á sì rò pé ó ti lọ.

Ní òtẹ́ẹ̀lì tí èmi ń bójú tó ní Tanke níbí, n'Ílọrin, querier wà ní tèmi, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí n tó mọ̀. Router tó wà ní ọ́fíìsì máníjà ló ń pe orúkọ, kò sì sí lórí inverter. Switch, ẹ̀rọ tó ń rán àwòrán àti àwọn yàrá wà lórí inverter. NEPA á mú iná, router á kú, àwòrán á ṣì máa lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó gan. Kí n tó gun ọ̀kadà láti Taiwo Road débẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ti gbéra, router ti jí, ó ti pe orúkọ, gbogbo tẹlifíṣọ̀n ti dáhùn. Mo dé, n kò rí nǹkan kan. Mo pààrọ̀ wáyà, mo ra stabilizer, owó ṣòfò. Alẹ́ ọjọ́ tí mo jókòó tì í pẹ̀lú Wireshark, ètò tó ń fi ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì hàn, ni mo mọ̀: a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Iṣáì tán, iná lọ, ìbéèrè querier tó ń wá sí 224.0.0.1, àdírẹ́sì tí gbogbo wọn ń gbọ́, sì dákẹ́ lójú mi.

Wi-Fi yín kú nítorí pé láìsí snooping, switch ń da gbogbo ìkànnì sí gbogbo port bí àgbàrá. Ìkànnì mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 8 Mbps, 80 nìyẹn lẹ́nu port tí agbára rẹ̀ kò ju 100 lọ. Ti access point, ẹ̀rọ tó ń fọ́n Wi-Fi ká, tún le jù, torí pé ìyára tó kéré ni ó sábà máa ń fi rán multicast (ohun tí a rán sí ẹgbẹ́ bí àwòrán yìí), kí fóònù tó jìnnà lè gbọ́ ọ.

Ẹ tan querier lórí switch àgbà yín, nínú VLAN (apá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí a yà sọ́tọ̀) tí tẹlifíṣọ̀n wà gan-an, kí ẹ sì fún un ní IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì) gidi níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan kì í dá ìbéèrè tó wá láti 0.0.0.0 lóhùn. Tí querier bá di méjì, èyí tí IP rẹ̀ kéré jù ló ń gba iṣẹ́, nítorí náà switch tó wà lórí inverter ni kí ẹ fún ní nọ́ńbà kékeré.

Ẹ tún wo nọ́ńbà ẹgbẹ́ tí ẹ lò. Ẹ má lo 239.0.0.x tàbí 239.128.0.x. Bit mẹ́tàlélógún tó gbẹ̀yìn péré nínú IP ẹgbẹ́ ló ń wọ inú MAC (àdírẹ́sì mìíràn tí switch ń lò), torí náà ẹgbẹ́ 32 ló ń jẹ́ orúkọ MAC kan. Switch tó ń fi MAC nìkan dá wọn mọ̀ kò ní ya 239.0.0.5 sọ́tọ̀ kúrò lára 224.0.0.5, bẹ́ẹ̀ 224.0.0.x ni ó gbọ́dọ̀ máa pín fún gbogbo port láìbéèrè. Fast leave, ìyẹn kí switch gé àwòrán lójú ẹsẹ̀ tí ẹnìkan bá dágbére, ńkọ́? Port tí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan ni kí ẹ tan án sí. Tí switch kékeré bá ń pín in fún mẹ́ta, ẹnìkan á yí ìkànnì, àwòrán àwọn yòókù tó ń wo ìkànnì kan náà á lọ.

Lálẹ́ òní, ẹ fi láptọ́ọ̀pù sí port kan nínú VLAN yẹn, ẹ tẹ igmp sínú Wireshark, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí ẹ ò bá rí ìbéèrè kankan sí 224.0.0.1, ẹ sọ irú switch tó jẹ́ fún mi, màá sọ ibi tí wọ́n ń ti tan querier rẹ̀.