Ẹ bi í pé korobá ẹ̀ dà

Màmá tó ń bèèrè nípa ìwé tí ilé-ìwé ní kí ẹ fọwọ́ sí kí ọmọ yín tó wọ SS1 ní bọ́dìn ní Iléṣà, èyí tó sọ pé àwọn ò fàyè gba kí ọmọ kan máa fìyà jẹ ọmọ kejì: ẹ fọwọ́ sí i, kò burú. Ìbéèrè yín kejì, pé ṣé àwọn ọmọ fúnra wọn gba irú òfin bẹ́ẹ̀ gbọ́, èmi lè dáhùn ẹ̀, torí Iléṣà yìí náà ni mo ti gbé bọ́dìn fún ọdún mẹ́fà. Wọn kì í wo ìwé. Wọ́n á dúró wo ohun tí ojú ọmọ tó kọ́kọ́ lọ fẹjọ́ sùn máa rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka òfin.

JSS3 ni mo wà nígbà tí tiwa dé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìjẹun, a sì ń kà á bí a ṣe tò dúró de ẹ̀wà. Síníọ̀ kan nínú yàrá wa fi ohùn wòlíì kà á sókè, ó wá ní, "Ẹ ṣáà ti gbọ́. Ẹni tó bá fìyà jẹ yín, ẹ tètè lọ sọ o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àwa kéékèèké la sì rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀wà ò tíì tán lẹ́nu mi tó fi na korobá sí mi, ó fẹ́ wẹ̀. Korobá èmi gan-an ni, aláwọ̀ ewé, tó ti gbà lọ́wọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ kìíní táàmù.

Òfin náà ní àpótí pákó kan tó bá a wá. Wọ́n kùn ún ní búlúù, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ́fíìsì àwọn tíṣà, níbi tí àwọn prefect máa ń jókòó sí lásìkò ìsinmi. (Ẹni tó mú ibẹ̀ ò gbé bọ́dìn rí láyé ẹ̀.) Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀rá bisikíìtì ti kún inú ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó fi ìwé síbẹ̀ tọkàntọkàn. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kọjú sí tèmi. Wọ́n ń gba gàrí àti mílíìkì ẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì ń sùn lálẹ́. Kò kọ orúkọ, àmọ́ tíṣà fi ìwé náà han síníọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn, síníọ̀ ọ̀hún sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ dáadáa: ọmọ yẹn ló ń bá a da nóòtù kọ. Wọ́n pe àwọn méjèèjì síwájú tábìlì kan náà. "Ṣé òótọ́ ni pé ó ń fìyà jẹ ọ́?" Èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó ní rárá, sà. Wọ́n wá ní kí àwọn méjèèjì lọ gé koríko ẹ̀yìn kíláàsì, ìkan nítorí ẹ̀sùn, ìkejì nítorí irọ́. Lálẹ́, yàrá kan náà ni wọ́n padà sí.

Ìwé ò wọ àpótí yẹn mọ́. Níparí táàmù, ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún àwọn òbí pé látìgbà tí òfin ti dé, ẹ̀sùn kan péré ló wọlé, wọ́n sì ti yanjú ẹ̀. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ìyá mi wà níbẹ̀, òun náà pàtẹ́wọ́.

Aṣọ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Àtakúmọ̀sà. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò táàmù kejì, kò bi mí bóyá ẹnì kan ń lù mí. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì rí, mo ní rárá. Ó kàn ní, "Korobá tí mo rà fún ẹ dà?" Ẹnu mi ò ṣí. Ó ká ṣòkòtò mi sókè, ó rí orúnkún mi, bó ṣe dúdú tó sì ti yi. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà láyé àtijọ́, òṣómàáló, ẹni tó máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí á fi gba owó ẹ̀. Bó ṣe ṣe nìyẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Láti aago mẹ́jọ ló ti wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá. Kò ní kí wọ́n na ẹnikẹ́ni. Ó ní kí èmi àti síníọ̀ tó gba korobá mi má sùn sábẹ́ òrùlé kan náà mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó o lọ sí ilé mìíràn.

Ó tán fún èmi nìkan o. Odidi táàmù kan ni wọ́n fi pè mí ní "Ọmọ Màmá", ọ̀rẹ́ mi ò sì bá mi jẹun. Ọmọ tó fi ìwé sínú àpótí ò padà wá ní táàmù kẹta.

Ẹ ó rò pé lẹ́yìn èyí, èmi ò ní fìyà jẹ ọmọ ẹlòmíì. Ohun tí àgbà ń pè ní ìyà àti ohun tí àwa ń pè bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti gbà wọlé, sọ ní abala 11 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe ọmọdé léṣe, ìbáà jẹ́ lára, lọ́pọlọ tàbí lọ́kàn. Ní ti àwa, bí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti jáde, kò tíì sí ìyà. Ìnagijẹ, omi pípọn kí ilẹ̀ tó mọ́, ìkúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí síníọ̀ á fi rántí ẹ, "àṣà ilé-ìwé" ni gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo dé SS2, ọmọ JSS1 kan gbé omi wá fún mi láìjẹ́ pé mo pè é. Mo fi wẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo pè é.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé yẹn, ẹ bi wọ́n pé ta ló ń ṣí àpótí, àti bóyá wọ́n máa ń pe ẹni tó fẹjọ́ sùn àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn papọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: níbo lẹni tí wọ́n fẹjọ́ ẹ̀ sùn máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà? Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sára korobá ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà, kí ẹ sì máa bèèrè ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìbẹ̀wò. Tèmi, wọ́n dá a padà. Ọwọ́ ẹ̀ ti já.