Kíndìnrín tí oníṣègùn Ṣáínà ń sọ kọ́ lẹ rò yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ní oníṣègùn ará Ṣáínà yẹn di ọrùn ọwọ́ yín mú, ó wo ahọ́n yín, ó ní kíndìnrín yín ti tutù, ìdí nìyẹn tí nǹkan ọkùnrin kò fi le dáadáa mọ́. Ẹ wá ń bèèrè bóyá àrùn kíndìnrín ni.

Ohun tó sọ kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà, wọ́n gbà pé kíndìnrín ni agbára ìbímọ àti okun ara ń gbé. Bí ẹ̀yìn àti orúnkún bá ń tutù, téèyàn ń tọ̀ léraléra lóru, wọ́n á ní yang kíndìnrín, ìyẹn agbára tó ń mú ara móoru, ló dínkù. Bó bá jẹ́ ìrònú, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ló máa sọ bí kíndìnrín gan-an ṣe wà.

Ewé yin yang huo tó fún yín, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó, àmọ́ ẹ̀rí tó dájú lára èèyàn kò tíì sí. Hóró oògùn tí kò ní àkọlé tó fi kún un ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti bá sildenafil, oògùn inú Viagra, nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní ewé lásán. Bí ẹni tó ń lo nitrate fún àyà dídùn bá gbé e mì, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ má lò ó, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ lọ yẹ ṣúgà àti ìfúnpá wò lọ́sẹ̀ yìí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ nǹkan ọkùnrin kéré ju ti ọkàn lọ, ibẹ̀ ni ìdíwọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ hàn. Ẹ mú ewé náà dání kí dókítà rí i.