Ṣé àwàdà máa ń ba ìjàkadì jẹ́ lójú òǹwòran?

ÌBÉÈRÈ: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàkadì aláṣehàn ni mò ń kọ́, mo sì ti ń jà níwájú èèyàn. Ẹni tó ń ṣètò ìjà wa ní kí n máa dápàárá: kí n máa jó láàárín ìjà, kí n fi ìgbálẹ̀ onígi gígùn na alátakò mi nídìí, kí n sì máa lé rẹfirí yí ríǹgì ká. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín gan-an ni. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún mi ní ìjà tó le, kò ní sẹ́ni tó máa kà mí sí. Ṣé kí n sọ fún wọn pé mi ò ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Nínú nǹkan mẹ́ta tí wọ́n ní kó o ṣe, ẹyọ kan péré ni mo máa ní kó o kọ̀, màá sì dé ibẹ̀.

Òǹwòran tó ti gbọ́njú mọ̀ pé a ti fẹnu kò lórí ẹni tó máa borí ká tó wọ ríǹgì. WWF, ilé iṣẹ́ ìjàkadì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, fúnra wọn ló lọ sọ ọ́ níwájú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey lọ́dún 1989, pé eré ìgbádùn làwọn ń ṣe, torí wọn ò fẹ́ kí ìjọba máa ṣàkóso àwọn bíi ti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Síbẹ̀ gbọ̀ngàn ṣì ń kún. Àwọn èèyàn mọ̀, wọ́n sì fẹ́ gbàgbé fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú pé àwọn mọ̀. Iṣẹ́ tiwa ni ká má rán wọn létí. Ẹ̀rín kì í rán wọn létí. Ohun tó ń rán wọn létí ni kí nǹkan tó yẹ kó dunni má dunni, tàbí kí ohun tí gbogbo wa ń jà lé lórí di ohun yẹpẹrẹ.

Alẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1999 ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí mò ń kọ́. WWF àti WCW, ilé iṣẹ́ ìjàkadì mìíràn, ń figa gbága lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà nígbà yẹn, wákàtí kan náà sì ni ètò wọn ń jáde lálẹ́ Mọ́ńdè. Ní WCW, Kevin Nash tó di bẹ́líìtì mú, ìyẹn àmì ẹni tó ga jù, àti Hulk Hogan ló kojú ara wọn. Òmìrán ni àwọn méjèèjì, gbogbo ayé ló sì mọ̀ wọ́n. Hogan fi ìka kan tọ́ Nash láyà, Nash ṣubú yakata, ó nà sílẹ̀ títí rẹfirí fi kà á dé ẹ̀ẹ̀ta (ẹni tí èjìká rẹ̀ bá wà nílẹ̀ títí dé ẹ̀ẹ̀ta ló pàdánù), bẹ́líìtì bá di ti Hogan. Ní WWF, Mick Foley tí wọ́n ń pè ní Mankind ló ń bá The Rock jà. Foley yìí ló máa ń ki ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ya ojú àti ẹnu sí, tó pè é ní Mr. Socko, tó sì ń tì í bọ alátakò rẹ̀ lẹ́nu. WWF ti ya ètò tiwọn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ WCW bá tú àṣírí pé Foley ló máa gba bẹ́líìtì, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo WCW ló yí ṣánẹ́ẹ̀lì lọ bá Foley. Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn nígbà tó borí, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ lè gbàgbé.

Oníbọ̀sẹ̀ ni wọ́n gbà gbọ́. Àwọn tí kò wọ aṣọ apanilẹ́rìn-ín kankan ni wọ́n bínú sí.

Wo bí Foley ṣe tò ó. Láti 1996 ló ti ń lo ìdìmú kan: ìka méjì lábẹ́ ahọ́n, àtàǹpàkò lábẹ́ àgbọ̀n, á sì fún un pọ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí àwọn òǹwòran ti ń bẹ̀rù ìdìmú yẹn kí ìbọ̀sẹ̀ tó dé ní oṣù kẹwàá 1998. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, oníjàkadì kan tó ń jẹ́ Undertaker ti jù ú sílẹ̀ láti orí àgò onírin tí wọ́n fi bo ríǹgì, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 16, ó sì já lé tábìlì àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí èyí bá mú ìbọ̀sẹ̀ jáde, wàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n o mọ ohun tí ọwọ́ inú ìbọ̀sẹ̀ náà lè ṣe. Alátakò rẹ̀ náà kì í rẹ́rìn-ín. The Rock á la ojú, á máa ta ẹsẹ̀. Nínú oṣù kejìlá 1998, ó dákú sí i lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ó rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré ni, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Fáàrí ò tiẹ̀ yẹ kó dẹ́rù bà ọ́ rárá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oníjàkadì kan tó ń jẹ́ Gorgeous George ń wọ agbádá olówó iyebíye wọ ríǹgì, ìránṣẹ́ rẹ̀ á máa fín lọ́fínńdà síwájú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń sanwó kí wọ́n lè rí i kí ẹnì kan da irun rẹ̀ rú. Muhammad Ali sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ara ọkùnrin yìí lòun ti kọ́ bí a ṣe ń fọ́nnu.

Ní ti ìjà tó le tó ò ń bẹ̀rù, rántí Santino Marella, oníjàkadì aláwàdà. Ní Royal Rumble 2009, ìjà tí ọ̀pọ̀ oníjàkadì ti ń ju ara wọn síta ríǹgì, ìṣẹ́jú àáyá 1.9 péré ló lò kí Kane tó gbá a jáde. Ohun ìjà tó fi lókìkí ni ọwọ́ tó ń ṣe bí orí ejò. Ní oṣù kejì 2012, nínú Elimination Chamber, ìjà ẹlẹ́ni mẹ́fà nínú àgò onírin, ó ṣẹ́ ku òun àti Daniel Bryan tó di bẹ́líìtì mú. Santino fi ejò yẹn gún un, ó sùn lé e, gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Bryan gbé èjìká sókè nígbà tí rẹfirí kà dé ẹ̀ẹ̀jì. Wọ́n ti ń fi ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín fún ọdún pípẹ́, wọ́n sì ti fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkàn wọn fi fò sókè. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín sí ọ báyìí, owó tí ò ń fi pamọ́ ni.

Ó wá ku nǹkan mẹ́ta tìrẹ. Jó o. Ṣùgbọ́n bí alátakò rẹ bá ti lọ́ ọ lápá òsì níbẹ̀rẹ̀ ìjà, apá ọ̀tún nìkan ni kó o fi jó, kí òsì máa so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ẹ̀rín á ṣì wá, ijó náà á sì máa jẹ́rìí sí ìrora. Má sì jó nígbà tí alátakò wà lórí ìdúró tó ń wò ọ́. Kọ́kọ́ gbé e jù síta ríǹgì, kó ní ìdí tí kò fi lè kọlù ọ́.

Ìgbálẹ̀ náà dáa. Nà án lẹ́ẹ̀kan, nà án lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kẹta, kó gbà á lọ́wọ́ rẹ, kó ṣẹ́ ẹ lórí orúnkún, kó máa wò ọ́ láìsọ̀rọ̀. Kí ìwọ náà má sáré ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Jẹ́ kí ojú rẹ yí padà.

Rẹfirí ni kó o kọ̀. Òun ló ń kà dé ẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ rẹ̀ ni bẹ́líìtì ti ń jáde. Bó o bá ti sọ ọ́ di aláwàdà lónìí, ẹ̀ẹ̀jì tó máa kà lọ́jọ́ ìjà ńlá ò ní já ọkàn ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2000, WCW fi bẹ́líìtì tó ga jù lọ́wọ́ wọn fún David Arquette, òṣèré fíìmù tí kì í ṣe oníjàkadì. Inú ṣì ń bí àwọn olólùfẹ́ ìjàkadì sí i di òní, inú sì ń bí èmi náà. Nítorí náà, fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún ẹni tó ń ṣètò ìjà yín pé ijó àti ìgbálẹ̀ tẹ́ ọ lọ́rùn, kó yọ ti rẹfirí kúrò, kó sì fún ẹ̀yin méjèèjì ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ìparí láìsí àwàdà kankan nínú rẹ̀.